Oògùn Ewé fún Àkóràn Ìtọ̀ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Próstéètì: Èyí Tó Yẹ Ká Rà àti Èyí Tó Yẹ Ká Fi Sílẹ̀ Lórí Àtẹ

Oògùn ewé tí wọ́n ń tà fún ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ próstéètì pọ̀ jàra. Kápúsù wà, hóró wà, àgúnmu wà, omi inú ìgò wà, tíì náà wà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń kọ sára páálí gbogbo wọn: ó ń fọ ilé ìtọ̀, ó ń pa kòkòrò, ó ń mú kí ìtọ̀ já geere. A kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn kalẹ̀. A wo ohun tó wà nínú wọn àti iye rẹ̀, a wo ohun tí ìwádìí rí nípa wọn, a sì wo ohun tí wọ́n lè bà jẹ́ lára ẹni tí ojú abẹ rẹ̀ kò tíì jinná. Ìdájọ́ wa rèé: kò sí ìkankan nínú wọn tó yẹ kí ẹ fi wo àkóràn tó ti wọlé. Ọ̀kan péré, ìyẹn kránbẹ́rì, lè wúlò láti má jẹ́ kí àkóràn padà wá, lẹ́yìn tí oògùn apakòkòrò bá ti ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ tán. Nínú àwọn tó kù, púpọ̀ wulẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ aláìsàn ni, díẹ̀ sì wà tó lè ba kíndìnrín jẹ́.

Àkóràn tó ń mú ọkùnrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àkóràn kékeré tó ń ṣe obìnrin tó sì ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Yálà wọ́n gba inú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé láti ha próstéètì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní TURP, tàbí wọ́n fi lésà gé e, tàbí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nítorí jẹjẹrẹ, wọ́n á ki rọ́bà ìtọ̀, ìyẹn kátẹ́tà, bọ àpò ìtọ̀. Lẹ́yìn TURP, rọ́bà náà sábà máa ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 1 sí 3. Tí wọ́n bá yọ próstéètì pátápátá, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí rọ́bà bá wà nínú àpò ìtọ̀, ewu pé kòkòrò á wọ ìtọ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 3 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ẹni tó bá gbé rọ́bà fún oṣù kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kòkòrò ti wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, bí kò bá tiẹ̀ sí ibi tó ń dùn ún.

Àwọn kòkòrò yìí kì í kàn léfòó nínú ìtọ̀. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà, wọ́n á sì tú nǹkan yíyọ̀ bo ara wọn, bí èyí tó máa ń bo òkúta inú odò. Oògùn kì í ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rọ́bà tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2 kí wọ́n tó gba ìtọ̀ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. E. coli ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rọ́bà àti iṣẹ́ abẹ, Klebsiella, Proteus, Pseudomonas àti Enterococcus náà kì í jìnnà. Proteus a máa pa ekan inú ìtọ̀ rẹ́, tí iyọ̀ inú ìtọ̀ á fi dì bí erùpẹ̀ tí á sì dí ojú rọ́bà pa. Ẹ fi orúkọ àwọn kòkòrò yìí sọ́kàn, torí púpọ̀ nínú ọjà tí à ń yẹ̀ wò yìí, E. coli nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n bá jà, bí wọ́n bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ohun kan tún wà tó ń fún àwọn oògùn yìí lórúkọ rere tí kò tọ́ sí wọn. Lẹ́yìn TURP tàbí lésà, egbò ló wà níbi tí wọ́n ti gé próstéètì. Títí egbò yẹn á fi jinná, ìtọ̀ á máa ta, èèyàn á máa sáré lọ tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á sì máa yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, nígbà míì kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgbo ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí ara sì tù ú ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, á jẹ́rìí pé àgbo ló wo òun sàn. Ojú egbò ló jinná. Bẹ́ẹ̀ náà ni bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rì bọnú ìtọ̀ láti fi àwọ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì funfun lè máa hàn lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kó má sì sí àkóràn. Torí náà, ẹ má fi bébà yẹn nìkan ra oògùn, ẹ má sì fi ẹ̀rí ẹni tó kàn sọ pé "ó ta mí, mo lò ó, ó lọ" ra oògùn.

Àyẹ̀wò tó ń fọhùn ni èyí tí láàbù ń fi ìtọ̀ sílẹ̀ kí kòkòrò inú rẹ̀ hù, tí wọ́n á fi mọ irú èyí tó jẹ́ àti oògùn tó ń pa á. Bí ẹ ṣe máa gba ìtọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fọ orí nǹkan ọmọkùnrin, ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù, kí ẹ wá gba ti àárín sínú ike mímọ́ tí láàbù fún yín. Ó gbọ́dọ̀ dé láàbù láàárín wákàtí 2. Bí kò bá ní ṣeé ṣe, inú fìríìjì ni kó wà, kó má sì jù wákàtí 24 lọ. Ẹ gbà á kí ẹ tó gbé hóró apakòkòrò àkọ́kọ́ mì. Ẹni tó ṣì ní rọ́bà lára kò gbọdọ̀ bu ìtọ̀ inú báàgì. Ojú ibi tí wọ́n ṣe fún un lára rọ́bà ni nọ́ọ̀sì á ti fi abẹ́rẹ́ fà á. Nǹkan kékeré kan tún wà tí kò yẹ ká fojú fò: ọ̀pọ̀ kápúsù ewé fún ìtọ̀ ni wọ́n ń fi fítámìn C sí. Fítámìn C tó bá pọ̀ nínú ìtọ̀ lè mú kí bébà àyẹ̀wò sọ pé kò sí ẹ̀jẹ̀, pé kò sí náítíráìtì tí kòkòrò ń ṣe, nígbà tí méjèèjì wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń yẹ ìtọ̀ yín wò pé ẹ ń lò ó.

Àmì tó fi hàn pé àkóràn ti wọlé lóòótọ́ ni ibà tó tó 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀, òtútù tó ń gbọn èèyàn jìnnìjìnnì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn tó ń dùn, kóró ẹpọ̀n tó wú tó sì ń dùn, tàbí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàdédé ń dàrú. Èyíkéyìí nínú wọn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àkóràn láti ilé ìtọ̀ lè wọnú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, kò sì sí kápúsù ewé tó lè lé e bá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ dí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń jáde nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Dókítà ló ń yan apakòkòrò, ṣùgbọ́n ó dáa kí ẹ mọ ìdí tó fi ń yan èyí tó yàn, torí ó kan ọ̀rọ̀ ewé. Ciprofloxacin, levofloxacin àti àpapọ̀ trimethoprim pẹ̀lú sulfamethoxazole máa ń wọ inú ẹran próstéètì. Nitrofurantoin, tó dára gan-an fún àpò ìtọ̀ obìnrin, inú ìtọ̀ nìkan ló ti ń lágbára. Kì í wọ ẹran próstéètì, kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí kíndìnrín bá ti rẹ̀. TURP àti lésà kì í kó próstéètì tán. Èèpo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kòkòrò sì lè sá pamọ́ síbẹ̀. Tí kò bá sí ibà, ọkùnrin sábà máa ń lo oògùn fún ọjọ́ 7. Bí kòkòrò bá ti wọ próstéètì, ó lè di ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ó yẹ ká wá bi ara wa pé: bí apakòkòrò alágbára kan kò bá lè débẹ̀, báwo ni ewé tí agbára rẹ̀ kò ju kó bá ìtọ̀ jáde ṣe fẹ́ débẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kránbẹ́rì nìkan ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú èso pupa yìí ni proanthocyanidin, tí wọ́n ń kọ PAC lára ìgò. Kì í pa kòkòrò. E. coli ní irun tín-ín-rín tó fi ń di ara àpò ìtọ̀ mú. PAC ni kì í jẹ́ kí irun yẹn rí ibi dì mú, kí ìtọ̀ lè gbá a jáde. Èyí tó ti dì mú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, PAC kò ní tú u. Èyí tí kì í ṣe E. coli, a kò lè fọkàn tán an pé á mú un. Àkójọ ìwádìí 50 tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, gbé jáde ní 2023 rí i pé kránbẹ́rì ń dín àkóràn kù fún obìnrin tí àkóràn ń padà bá, fún ọmọdé, àti fún àwọn tí ìtọ́jú kan tí wọ́n gbà ti mú kí àkóràn tètè máa ràn wọ́n. Kò rí àǹfààní fún àgbàlagbà inú ilé ìtọ́jú, fún aboyún, tàbí fún ẹni tí iṣan àpò ìtọ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìtọ̀ ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ próstéètì tí ìtọ̀ rẹ̀ ń jáde tán sún mọ́ àwọn tó jàǹfààní. Ẹni tí ìtọ̀ ń ṣẹ́kù sí nínú sún mọ́ àwọn tí kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ka ẹ̀yìn ìgò. Nọ́ńbà tí ẹ ń wá ni PAC mílígíráàmù 36 lójoojúmọ́, pẹ̀lú lẹ́tà DMAC níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó jẹ́ orúkọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n ọ́n. "Kránbẹ́rì 500 mg" gbàǹgbà níwájú ìgò kò sọ nǹkan kan fún yín. Ìwúwo èso gbígbẹ lásán nìyẹn, PAC inú rẹ̀ lè má tó mílígíráàmù 5. Ọjà tí kò bá kọ PAC, ẹ má rà á, bó ti wù kí páálí rẹ̀ dán tó. Omi kránbẹ́rì aládùn náà kò wúlò fún iṣẹ́ yìí: ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn tí àtọ̀gbẹ ń ṣe sì wà lára àwọn tí àkóràn ìtọ̀ ń tètè mú. Ẹ fi omi gbé kápúsù náà mì ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì fún un ní oṣù 3 sí 6. Bí àkóràn bá ṣì ń wá láàárín àkókò yẹn, ẹ dá a dúró, ẹ lọ wá ohun tó ń fà á. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó fọwọ́ kan kránbẹ́rì, torí ó lè fi kún agbára oògùn náà. Ẹni tó ti ní òkúta kíndìnrín oxalate rí, kó jìnnà sí i.

D-mannose kì í ṣe ewé, ṣúgà kan ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tò ó pẹ̀lú ewé lórí àtẹ. Irú iṣẹ́ kránbẹ́rì ni wọ́n sọ pé ó ń ṣe. Wọ́n wá dán an wò dáadáa ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì: obìnrin 598, gíráàmù 2 lójoojúmọ́ fún oṣù 6, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2024. Kò yàtọ̀ sí ayédèrú oògùn, ìyẹn èyí tí kò ní ohun kankan tó ń ṣiṣẹ́ nínú, tí wọ́n fi wé e. Bí kò bá ran obìnrin tí wọ́n ṣe é fún lọ́wọ́, a kò rí ìdí tí ọkùnrin á fi ná owó lé e lórí.

Ewé bearberry, tí orúkọ rẹ̀ lára páálí sábà máa ń jẹ́ uva ursi, ni èyí tí à ń ṣàníyàn lé lórí jù nínú àwọn tó dá dúró láyè ara wọn. Ó ní arbutin nínú. Ara á yí arbutin padà di hydroquinone, èyí á sì bá ìtọ̀ jáde, ó sì lè pa kòkòrò díẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe irọ́ gbuu. Ìṣòro ibẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń tà á fún. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù, EMA, fọwọ́ sí i fún obìnrin tí àmì rẹ̀ kò le, fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Wọ́n ní kí ọkùnrin má lò ó láìrí dókítà. Síbẹ̀ ẹ máa rí i nínú ìgò "Ìlera Próstéètì" tí wọ́n ní kí ẹ máa lò fún oṣù mélòó kan. Ní ilẹ̀ Jámánì, nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2021, wọ́n fi uva ursi wé apakòkòrò fosfomycin láàárín àwọn obìnrin: àwọn tó lo ewé lo apakòkòrò tó kéré jù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrora wọn pọ̀ jù, àkóràn tó gun kíndìnrín sì pọ̀ sí i láàárín wọn. Lára ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ abẹ, ewu yẹn kò ṣeé dá wò. Ó tún lè sọ ìtọ̀ di àwọ̀ ewé tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọ̀ náà kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ó lè bo ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí ẹ rí mọ́lẹ̀. Ẹ má rà á.

Saw palmetto, èèpo igi pygeum àti gbòǹgbò nettle, ẹ kúkú jẹ́ ká pa wọ́n pọ̀. Próstéètì tó wú ni wọ́n ń tà wọ́n fún, kì í ṣe àkóràn. Nípa saw palmetto, mílígíráàmù 320 lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń dán wò, àkójọ ìwádìí Cochrane ní 2023 sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ayédèrú oògùn. Ẹni tí wọ́n ti gé próstéètì rẹ̀ kò tiẹ̀ ní wíwú tí á fi wò mọ́.

Àwọn tíì tó ń mú èèyàn tọ̀, bíi horsetail, dandelion àti irun àgbàdo, kò níṣẹ́ tó ju kí omi gba inú àpò ìtọ̀ kọjá. Omi lásán ń ṣe é. Lítà 1.5 sí 2 lójúmọ́, tí ẹ bá pín in káàkiri ọjọ́ tí ẹ sì dín in kù ní alẹ́, ti tó fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkàn àti kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹni tí dókítà ti ní kó máa wọn omi mu kò gbọdọ̀ fi tíì yìí ṣe àdánwò. Àwọn kan nínú wọn ń fi tíì tútù, ìyẹn green tea, sí i. Bí ẹ bá ń lo ciprofloxacin lọ́wọ́, kaféènì inú rẹ̀ kì í tètè kúrò lára, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á sì dà nù.

Èyí tó gba pé ká fara balẹ̀ jù ni hóró àti àgúnmu tí wọ́n po ewé mẹ́jọ, mẹ́wàá, ogún pọ̀ sínú rẹ̀. Gbajúmọ̀ kan láàárín wọn ni Ba Zheng San, àpòpọ̀ àtijọ́ láti ilẹ̀ Ṣáínà fún ìtọ̀ tó ń ta, tí ọ̀pọ̀ hóró òde òní ti wò kọ. Àwọn nǹkan inú rẹ̀ ni Qu Mai, Bian Xu, Che Qian Zi, Mu Tong, Zhi Zi, Da Huang, Gan Cao, àti Hua Shi tó jẹ́ òkúta tálíkì lílọ̀. Da Huang ń mú inú ṣí. Ìgbẹ́ tó rọ̀ dáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, torí fífi agbára yàgbẹ́ lè mú kí ojú egbò tún máa ṣẹ̀jẹ̀. Àmọ́ bí inú bá ń ṣí jù, omi ara á gbẹ, ìtọ̀ á ki, pòtásíọ̀mù á sì wálẹ̀. Gan Cao, tó jẹ́ licorice, tún ń fa pòtásíọ̀mù wálẹ̀, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú omi jáde lára nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ ewu láti ọ̀nà méjì nìyẹn.

Mu Tong ni ká wò dáadáa jù. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ń pe igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akebia ni èyí tó tọ́. Guan Mu Tong, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn jẹ́ Aristolochia manshuriensis, ní aristolochic acid nínú. Èyí máa ń ba kíndìnrín jẹ́ títí tí kò fi ní ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ sí ọ̀nà ìtọ̀ gan-an tí èèyàn ń wá ìwòsàn fún. Láàárín ọdún 1990 sí 1993, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn obìnrin tó ń lo oògùn ewé láti fi dín sísanra kù bọ́ sínú àìsàn kíndìnrín torí pé wọ́n fi Aristolochia sí i dípò ewé mìíràn. Ní 2001, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa gbogbo ohun tó bá ní in nínú. Bí ẹ ṣe máa yẹ páálí wò rèé: bí wọ́n bá kọ Mu Tong láìkọ orúkọ Látìn rẹ̀, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá rí Aristolochia tàbí Asarum, ẹ dá a padà. Bí wọ́n bá kọ "àpòpọ̀ àṣírí" tí wọn kò dárúkọ ewé kankan, ẹ dá a padà. Ọkùnrin tó ti pẹ́ tí próstéètì ti ń dí ìtọ̀ rẹ̀ kó tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kíndìnrín rẹ̀ lè ti rẹ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò ní èyí tó lè fi ṣòfò.

Bí hóró ewé kan bá wo ibà àti ìtọ̀ tó ń ta láàárín ọjọ́ 2, ẹ má tíì yọ̀: wọ́n lè ti fi oògùn òyìnbó pamọ́ sínú rẹ̀. Ìtàn PC-SPES wà níbẹ̀. Àpòpọ̀ ewé mẹ́jọ ni, wọ́n ń tà á fún jẹjẹrẹ próstéètì, ó sì ń mú kí nọ́ńbà PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ próstéètì, wálẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí láàbù tú u wò, wọ́n bá warfarin, diethylstilbestrol àti indomethacin nínú rẹ̀, oògùn òyìnbó mẹ́ta tí kò sí lára páálí. Wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ ní 2002. Apakòkòrò tí wọ́n fi pamọ́ sínú ewé léwu lọ́nà tiẹ̀: iye rẹ̀ kò tó láti pa gbogbo kòkòrò, èyí tó kù á sì kọ́ bó ṣe máa borí oògùn náà kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọ̀nà kan tí ewé fi ń ba ìtọ́jú jẹ́ láìjẹ́ pé ewé náà burú ni ohun tí wọ́n fi kún un. Ọ̀pọ̀ ọjà próstéètì ni wọ́n ń fi síńkì sí, àwọn kan tún fi máńgíníṣíọ̀mù àti irin kún un. Àwọn yìí máa ń di ciprofloxacin mú nínú ikùn, kì í sì í jẹ́ kó wọnú ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Aláìsàn á lo oògùn rẹ̀ pé, àkóràn kò ní lọ, wọ́n á ní kòkòrò ti borí oògùn. Ẹ lo ciprofloxacin ní wákàtí 2 ṣáájú wọn tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn wọn. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ gbé wọn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí apakòkòrò á fi tán.

Bí àkóràn bá wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù 6, tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, ìdí kan wà tí ewé kankan kò lè yanjú. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yàwòrán àpò ìtọ̀ yín gẹ́rẹ́ tí ẹ bá tọ̀ tán, kí ẹ mọ iye tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Ìtọ̀ tó ṣẹ́kù ni oúnjẹ kòkòrò. Bí ìtọ̀ tó ń já geere lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bá tún ti tín-ín-rín lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àpá lè ti mú ọ̀nà ìtọ̀ tàbí ọrùn àpò ìtọ̀ fún pọ̀, dókítà ló sì lè là á. Títí dìgbà yẹn, ẹ tọ̀, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún tọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ṣì gbé rọ́bà, kí báàgì rẹ̀ máa wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ nígbà gbogbo láìfara kan ilẹ̀, kó dà á nù kó tó kún, kó fọ ọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ibi tí rọ́bà ti wọlé lójoojúmọ́, kó má sì tú ojú ìsopọ̀ láìnídìí. Iṣẹ́ yìí ju ti gbogbo kápúsù inú àtẹ lọ.

Tí dókítà bá máa tún ki ẹ̀rọ wọnú ọ̀nà ìtọ̀ láti wò ó tàbí láti là á, ẹ dá gbogbo ewé dúró ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, pàápàá saw palmetto, ginkgo àti kápúsù ááyù, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà jù. Ẹ gbé ìgò fúnra rẹ̀ lọ, kì í ṣe orúkọ tí ẹ há sórí. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò PSA náà, kó dúró tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tí àkóràn bá ti lọ, torí àkóràn máa ń gbé nọ́ńbà yẹn sókè níbi tí próstéètì bá ṣì kù.